Ìdápadà Àwọn Ìṣúra Tí Ogun Kó Lọ: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Àgbóyì àti Agbègbè Ọ̀sà Èkó

Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ohun iṣẹ́ ọnà Ìbíní 119 ti ilẹ̀ Nẹ́dálańdì gúnlẹ̀ sí Èkó. Mùsíọ́ọ̀mù ti orílẹ̀-èdè tó wà ní Oníkàn ni ayẹyẹ ìgbàlejò wọn ti wáyé. Ọwọ́ ìjọba ilẹ̀ Nẹ́dálańdì ni 113 nínú wọn wà tẹ́lẹ̀. Ìlú Rotterdam ni ó ni ìpamọ́ mẹ́fà yòókù. Ogun ọdún 1897 ni ó kó wọn kúrò ní Ìbíní. Ọdún 128 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn odi.

Àgbóyì kò jìnnà sí Oníkàn. Ọmọ ilé-ìwé Àgbóyì, tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ọ̀nà àwọn baba rẹ̀ sí Kétu láti ayébáyé, lè dé ibẹ̀ kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Bí olùkọ́ bá kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ wo àwọn idẹ náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọ náà yóò bi í. Ta ni ó kó wọn lọ? Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń dá wọn padà nísinsìnyí? Ta ni ó ni wọ́n gan-an? Olùkọ́ tí kò bá ní ìdáhùn yóò sọ ìrìn-àjò náà di ìran lásán.

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ó tọ́ kí ìṣúra tí ogun kó lọ padà sí ilẹ̀ tí ó ti wá, ṣùgbọ́n pé ìdápadà kò parí nígbà tí àpótí bá gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó gbà á ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́.

Omi Àgbóyì àti Ọ̀nà Ogun

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni Àgbóyì wà, òun àti Kétu ni wọ́n sì jọ ń jẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Àgbóyì-Kétu láti ọdún 2003. Ilẹ̀ olómi ni, nítòsí ibi tí odò Ògùn ti ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Èkó. Kí ọjà Mile 12 tó di ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já ẹrù sí, omi ni títì tí ẹrù òkè ń gbà dé Èkó. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ lórí omi náà ni ó ní àṣẹ lórí owó tí ń bẹ nínú òwò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú ogun tí Gẹ̀ẹ́sì jà ní agbègbè yìí fi jẹ́ ogun ọ̀nà ọjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un nínú ìwé wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì gbé Akítóyè padà síbẹ̀. Kòsọ́kọ́ sá lọ, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn. Lára ohun tí wọ́n rí nínú ilé rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tí àwọn oníṣòwò Bàhíà kọ sí i ní èdè Potogí. Wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà lọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí òwò ẹrú. Ẹ̀kọ́ méjì ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ni. Èkíní ni pé kì í ṣe idẹ àti eyín erin nìkan ni ogun ń kó. Ó ń kó ìwé, ó sì ń kó ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé náà. Èkejì ni pé ohun tí wọ́n kó lọ lè jẹ́rìí ta ko ẹni tí ó ni ín. Òwò ẹrú ni Kòsọ́kọ́ ṣe lóòótọ́. Ẹ̀tọ́ tí ọmọ Èkó ní láti ka àwọn lẹ́tà ọba rẹ̀ nílé kò sọ ohun tí ọba náà ṣe di ohun rere.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, rán ọmọ ogun gba orí ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú láti lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tí ó dó ti ìlú náà. Ní ọdún 1873 sí 1874, Gólóbà yìí kan náà kó àwọn ọmọ ogun Haúsá láti Èkó lọ sí ogun Àṣáńtì. Nínú ogun yẹn ni Garnet Wolseley ti dáná sun Kúmásì, tí wọ́n kó wúrà ààfin Àṣáńtèhéne, tí wọ́n sì tà á ní gbàǹjo. Ní ọdún 1892, Gómìnà Gilbert Carter rán ogun tí Francis Scott jẹ́ olórí rẹ̀ gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú. Wọ́n ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó hàn gbangba nínú ìtàn yìí pé ogun Ìbíní ti ọdún 1897 kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Àṣà kan ni ó ti ń bọ̀ láti orí ọ̀sà Èkó: kí wọ́n fẹ̀sùn kan ọba, kí wọ́n ṣí ọ̀nà ọjà pẹ̀lú ìbọn, kí wọ́n sì fi ẹrù ààfin san owó ogun.

Ìbíní, Ọdún 1897

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, James Phillips, tí ó ń ṣe adelé aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè etí òkun ilẹ̀ Náíjà, kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti gba àṣẹ kí wọ́n yọ Ọba Ìbíní kúrò lórí oyè. Ó fi kún un pé eyín erin tí wọ́n bá rí ní ààfin yóò tó san ìnáwó náà. Kí olùkọ́ fara balẹ̀ wo ọjọ́ tí ó kọ lẹ́tà yìí. Oṣù Kìíní ọdún 1897 ni wọ́n pa Phillips àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a rìn, nígbà tí ó fi dandan lọ sí Ìbíní lásìkò ọdún Ìgúè tí ọba kì í gba àlejò. Èrò ìkógun ti wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó kú.

Ìpànìyàn yẹn ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1897, ogun tí Harry Rawson jẹ́ olórí rẹ̀ wọ Ìbíní. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, iná jó ààfin. Ọba Ovọ́nramwẹn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Kàlàbá, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1914. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ni wọ́n kó: àwo idẹ tí wọ́n kàn mọ́ òpó ààfin, orí idẹ orí pẹpẹ àwọn ọba tó ti wàjà, eyín erin tí wọ́n fín, àti ojú eyín erin tó dúró fún Ìyọba Idia. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àwo idẹ tí ó lé ní 200 fún Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ta èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Àwọn ará Jámánì rà púpọ̀. Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì nìkan ní ohun Ìbíní tí ó lé ní 900 lónìí.

Àwọn àwo wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìwé ìtàn ni wọ́n jẹ́ fún àwọn tí kò fi yíǹkì kọ̀wé. Ojú wọn ni a ti ń ka ètò oyè, aṣọ ogun, ìbùkún àwọn babańlá, àti ìpàdé pẹ̀lú àwọn Potogí. Nígbà tí wọ́n tú wọn ká sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe ni ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ya ìwé kan ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí ó sì tà á fún ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìkógun Yàtọ̀ sí Ọjà

Kì í ṣe gbogbo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lókè òkun ni ogun kó lọ. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀bùn, wọ́n sì ra àwọn kan. Ó yẹ kí olùkọ́ ya wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹjọ́ òtítọ́ má bàa bàjẹ́ nítorí àsọdùn.

Ilé-Ifẹ̀ fún wa ní àpẹẹrẹ tó dára. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, títí kan orí idẹ tí wọ́n ń pè ní ti Olókun. Ó ní òun rà wọ́n ni. Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì mú un dá èyí tó pọ̀ nínú wọn padà. Ọdún 13 péré ni èyí fi tẹ̀lé ogun Ìbíní. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní kí ará Jámánì dá ohun tí ó fi owó díẹ̀ rà padà ni ó di ohun tí ó fi ìbọn gbà mú.

Ní ọdún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú ọ̀pọ̀ orí idẹ jáde. Oníwèé ìròyìn kan, H. Maclear Bate, ra ọ̀kan, ó gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ti Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1939. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1950, ó dá méjèèjì padà sí Nàìjíríà. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti hú wọn, owó ni wọ́n fi rà wọ́n, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n wà lónìí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọkàn ẹni tí ó rà wọ́n. Bí ẹni tí ó fi owó rà bá lè rí i pé ó tọ́ kí òun dá a padà, kí ni kí a retí lọ́wọ́ ẹni tí kò san kọ́bọ̀?

Àwọn Àwíjàre Tí Ó Lòdì sí Ìdápadà

Àwíjàre àkọ́kọ́ ni ti òfin. Wọ́n ní ìkógun kò lòdì sí òfin ogun ní ọdún 1897, nítorí pé ọdún 1899 ni wọ́n ṣe àdéhùn Hague tí ó dènà á. Àti pé òfin Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1963 kò jẹ́ kí ilé náà yọ̀ǹda ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìtàn tako apá kìíní. Ní ọdún 1815, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon, Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó mú Faransé dá iṣẹ́ ọnà tí ogun kó padà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹṣin idẹ Venice ṣe padà sílé. Nítorí náà, wọ́n mọ̀ pé kò tọ́, ọdún 82 ṣáájú ogun Ìbíní. Àwọn ará Yúróòpù nìkan ni wọ́n ka òfin náà sí ti wọn. Ní ti apá kejì, láàárín ọdún 1950 sí 1972, Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ta àwo idẹ Ìbíní tí ó lé ní 30 tàbí fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n ní àwọn ní ẹ̀dà wọn. Nàìjíríà pàápàá wà lára àwọn tí ó fi owó ra ohun baba wọn. Òfin tí ó fàyè gba títà ṣùgbọ́n tí kò fàyè gba ìdápadà ń fẹ́ àtúnṣe. Ènìyàn ni ó ṣe é, ènìyàn sì lè tún un ṣe.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ó ti pẹ́ jù. Lóòótọ́, àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí kò jagun Ìbíní, ṣùgbọ́n tí ó mọ bí ohun ọwọ́ rẹ̀ ṣe jẹ́, kò bọ́ nínú ẹjọ́ náà.

Àwíjàre kejì ni ti ààbò. Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti sọ òtítọ́ fún ara wa. Wọ́n jí orí Ifẹ̀ kan ní mùsíọ́ọ̀mù Jọ́s ní ọdún 1987. Olè sì fọ́ mùsíọ́ọ̀mù Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 1973, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, mú orí idẹ Ìbíní kan ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn, ó fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. Ọwọ́ ara wa ni ìyẹn ti jáde. Síbẹ̀, òkè òkun kì í ṣe ibi ààbò pátápátá. Bọ́ǹbù ogun ọdún 1941 ba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù Liverpool. Iná ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 jó mùsíọ́ọ̀mù ti orílẹ̀-èdè Bùràsílì ní Rio de Janeiro, àga ọba Dàhòmì tó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1811 sì jóná. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ pé ohun tí ó tó nǹkan bí 2,000 ti sọnù, ti di jíjí tàbí ti bàjẹ́ nínú àká òun. Ààbò jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo onílé gbọ́dọ̀ ṣe. Kì í ṣe ìdí láti di ẹrù onílé mú.

Àwíjàre kẹta ni pé ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ayé ń rí àwọn ohun náà. Ta ni gbogbo ayé yẹn? Ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ìkòsì nílò físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó lè wà lára gbogbo ayé. Ní ọdún 1977, nígbà tí Èkó ń gba àlejò àjọ̀dún FESTAC, ojú Ìyọba Idia ni àmì àjọ̀dún náà. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yá òun ní ojúlówó rẹ̀, Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ìbíní ni ó gbẹ́ òmíràn tí Èkó fi ṣe ọdún.

Àwíjàre kẹrin ni ó ṣòro jù. Wọ́n ní àwọn ọba ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá kógun. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì pa Kétu run, ìyẹn Kétu àtijọ́ tí ó wà ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ogun Faransé tí Alfred Dodds jẹ́ olórí rẹ̀ kó ààfin Àbómè. Bákan náà, lára idẹ tí wọ́n rọ iṣẹ́ Ìbíní ni èyí tí ó wá láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Yúróòpù tí wọ́n ń ra ẹrú. Ìdí nìyí tí àwọn kan lára ọmọ àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà fi lọ sí kóòtù ní ọdún 2022, wọ́n ní àwọn náà ní ìpín nínú àwọn idẹ náà. Ẹ̀dùn wọn jinlẹ̀, ó sì yẹ kí mùsíọ́ọ̀mù kọ ọ́ sí ara ògiri níbi tí àwọn idẹ bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ Dàhòmì sí Kétu kò fún Faransé ní ẹ̀tọ́ kankan. Faransé kò gbẹ̀san fún Kétu. Ó kó ẹrù tirẹ̀ lọ ni.

Ta Ni Kí Wọ́n Dá A Padà Fún?

Láti nǹkan bí ọdún 2017, nígbà tí Ààrẹ Emmanuel Macron sọ̀rọ̀ ní Ouagadougou, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun 26 tí Dodds kó padà fún Orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òfin tuntun ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ padà, Yunifásítì Aberdeen sì dá orí ọba kan padà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Jámánì gbé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó lé ní 1,100 fún Nàìjíríà. Mùsíọ́ọ̀mù Horniman ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ẹ̀tọ́ lórí 72 fún un ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, ṣe ni Mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì àti Victoria and Albert yá Kúmásì ní ohun 32. Kí onílé máa yá ẹrù ara rẹ̀ kì í ṣe ìdápadà.

Ní ilé, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀. Ṣé ti ìjọba àpapọ̀ ni àwọn idẹ náà ni, àbí ti ìpínlẹ̀ Ẹdó, àbí ti Ọba? Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé Ọba Ìbíní ni ó ni wọ́n. Àwọn kan ní òkè òkun bẹ̀rù pé ojú gbogbo ènìyàn kò ní rí wọn mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn afẹ̀hónúhàn ya wọ ọgbà mùsíọ́ọ̀mù tuntun kan, MOWAA, ní Ìbíní, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í han àwọn àlejò. Wọ́n ní ìfẹ́ Ọba kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí kò sọ ìdápadà di àṣìṣe. Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kò ní láti kọ́kọ́ parí ìjà ilé rẹ̀ kí olè tó dá ẹrù náà padà. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀: níní àti ìtọ́jú. Orí pẹpẹ àwọn ọba tó ti wàjà ni wọ́n ti kó àwọn orí idẹ. Àwọn ọmọ ọba wọ̀nyẹn ni ó ni wọ́n. Ìtọ́jú, ìṣírò àti ìgbààyè fún ọmọ ilé-ìwé láti wò wọ́n jẹ́ ojúṣe tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn, tí aláàfin, ìjọba àti àwọn onímọ̀ yóò jọ fi ọwọ́ sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1973 fi hàn pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹni tó bá wà lórí àga lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn ọ̀sà Èkó fi hàn pé ìkógun jẹ́ apá kan nínú ètò ogun amúnisìn láti ọdún 1851 títí dé 1897, àti pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ nígbà náà pé kò tọ́. Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn ìṣúra náà padà, kí ó sì jẹ́ ní ti níní, kì í ṣe ní ti àyálò.

Iṣẹ́ kan wà fún olùkọ́. Kí ó tó kó ọmọ lọ sí Oníkàn, ó yẹ kí ó fún un ní ìtàn ohun kan ṣoṣo: ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tí ó kó o, ọdún tí ó fi wà lẹ́yìn odi, àti bí ó ṣe padà. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ náà padà sí Àgbóyì, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ pé ohun àtijọ́ wo ni ó kù nílé, ìlù ni, aṣọ ni, àwọ̀n ni, tàbí ìwé ilẹ̀. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ ẹni tí ó ni ín àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Lára ohun tí ó mú ẹjọ́ Ìbíní fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀rí ìkógun wà nínú ìwé àwọn tí ó kó o. Àkọsílẹ̀ ọmọ Àgbóyì ni yóò jẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀ bí ẹrù ilé rẹ̀ bá di àwátì lọ́la.